TA NI Ó NI Ẹ̀BÙN TÍ A FI SÍ ORÍ ÀTẸ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n máa ń ta sìgá nínú ilé ijó òru ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láyé àtijọ́. Ibẹ̀ jìnnà sí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ tirẹ̀.

Láti ọdún 1920 ni òfin ti ka ọtí títà léèwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sì kúrò títí di oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1933. Nígbà tí òfin náà kúrò tán, ilé ijó òru wá di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń fi ara wọn hàn níbẹ̀ ní gbangba. Stork Club ti wà láti ọdún 1929, El Morocco láti ọdún 1931, Copacabana sì tẹ̀lé wọn ní ọdún 1940. Àwọn òṣèré, àwọn olóṣèlú àti àwọn ọmọ olówó ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀, tí ìlù ń dún, tí ọtí ń ṣàn, tí èéfín tábà sì bo gbogbo ilé bí ìkúukùu.

Láàárín wọn ni ọmọbìnrin onísìgá ń rìn. Ó dé fìlà kékeré kan, ó wọ aṣọ tí kò gùn, ó sì fi okùn gbé àtẹ kọ́ ọrùn. Lórí àtẹ náà ni Camel wà, àti Lucky Strike àti Chesterfield, pẹ̀lú ìṣáná. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òdòdó, súìtì àti ọmọláńgidi wà níbẹ̀ fún ọkùnrin tí ó bá fẹ́ fi ṣe ojú rere sí obìnrin tí ó mú wá. Ọmọbìnrin yìí kò gbọdọ̀ jókòó. Bí ẹsẹ̀ ń dùn ún, kí ó rẹ́rìn-ín; bí ọ̀mùtí bá sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí i, kí ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, kí ó sì yára kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Iye tí ó ń ta sìgá ju ti ìsọ̀ lọ, síbẹ̀ ẹni tí ó bá rà á kì í sábà dúró gba ṣẹ́ńjì. Yóò fi owó sílẹ̀ lórí àtẹ, yóò sì ní kí ọmọ náà fi tọ́jú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní ibi púpọ̀, owó náà kì í ṣe ti ọmọbìnrin yìí.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ilé ijó nílò owó láti bẹ̀rẹ̀. Yóò wá ọkùnrin oníṣòwò kan, yóò sì gba owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Òun náà yóò sì yọ̀ǹda fún un kí ó máa ta sìgá nínú ilé náà, kí ó sì máa tọ́jú fìlà àti ẹ̀wù òtútù àwọn àlejò. Ó dàbí ẹni tí ó san ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí ni ó gba àwọn ọmọbìnrin náà síṣẹ́, tí ó sì ń san owó iṣẹ́ tí kò tó nǹkan fún wọn. Gbogbo ẹ̀bùn tí àlejò bá fi sílẹ̀, òun ni ó ń kó o. Ní ibòmíràn, wọ́n rán aṣọ iṣẹ́ láìní àpò kankan, kí ọmọbìnrin má baà rí ibi tí yóò fi owó pamọ́ sí. Àlejò rò pé òun ṣàánú ọmọ tálákà. Kò mọ̀ pé àpò olówó ni òun sọ owó sí.

Àwọn kan yóò wí pé: "Ẹni tí ó san owó ńlá ṣáájú kò ha yẹ kí ó jèrè?" A kò sọ pé kò yẹ. Èrè orí sìgá jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ìtajà ni ó sanwó fún; kò ra ojú àánú àwọn àlejò. Ẹ̀rín tí a torí rẹ̀ fi owó sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín tirẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó sì rìn títí ilẹ̀ fi mọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tirẹ̀. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní, àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ó pẹ́ kí òfin tó gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ọdún 1968 ni òfin ìpínlẹ̀ New York sọ ọ́ gbangba pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn tí a fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lápapọ̀, ọdún 2018 ni ìjọba fi irú rẹ̀ sínú òfin owó iṣẹ́. Nígbà náà, iṣẹ́ ọmọbìnrin onísìgá ti di ìtàn. Ẹ̀rọ tí ń ta sìgá fúnra rẹ̀ ti gba ipò wọn, nítorí ẹ̀rọ kì í béèrè owó iṣẹ́. Ní ọdún 1964, àgbà oníṣègùn ìjọba wọn kéde pé sìgá ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2003, ìlú New York ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ilé ọtí. A kò bínú sí èyí, nítorí àwọn ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń mí èéfín ẹlẹ́èéfín láti alẹ́ dé òwúrọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Bí oníbàárà bá ra ọjà lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́ yín, tí ó sì ní kí ó fi ṣẹ́ńjì ra gúgúrú jẹ, kí ni ẹ máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń ka owó lálẹ́? Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ń wí pé, "Ọjà mi ni ó mú un wá." Ẹ̀yin oníṣòwò wa, owó ọjà ni tiyín, ẹ̀bùn ni tọmọ. Ọmọ tí a ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́ bí a ti ń fi owó pamọ́, bí ó bá sì ti mọ̀ ọ́n tán, owó ọjà pàápàá kò ní yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ fún yóò máa bá oníbàárà yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, oníbàárà yóò sì tún padà wá.

Ẹ má ṣe dúró de òfin kí ẹ tó ṣe ohun tí ó tọ́. Ire o.