Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nílẹ̀ Faransé

Nígbà tí a kúrò ní Kétu lọ kàwé Másítà nílẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ òtútù ni gbogbo ará ilé ń sọ fún wa. Ìyá wa tilẹ̀ di ẹ̀wù òtútù méjì mọ́ gààrí wa. A débẹ̀ tán, a rí i pé ìwé ló yẹ ká kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò tó. Láàárín oṣù 3 tí èèyàn bá débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì san owó rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ẹni tí kò ní ìwé gbélùú. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Sábẹ̀, ń sáré iṣẹ́ kiri torí pé wọ́n ń retí owó nílé. Ó ku ọjọ́ 4 péré kó tó rántí.

Iṣẹ́ ọ̀hún náà ní ìwọ̀n: wákàtí 964 lọ́dún ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè. Kò lè bọ́ ilé méjì.

Ẹ̀yin òbí wa ní Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, bí ẹ bá pe ọmọ yín lóṣù àkọ́kọ́, ẹ má tíì bi í pé, "Ṣé o ti ríṣẹ́?" Ẹ bi í pé, "Ṣé o ti parí ọ̀rọ̀ físà rẹ?"