Ìta Tinúbú: Orúkọ tí Kò Parẹ́

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìta Tinúbú, ní àárín Erékùṣù Èkó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí i pé Èkó kì í sinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń yára kí wọ́n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àwọn oníṣòwò ń gba ibẹ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà àti Bàlógùn. Àwọn tí ń kiri ọjà ń polówó láàárín ọkọ̀. Ère obìnrin kan dúró níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá níwájú rẹ̀, àwọn tí ń bèèrè pé, “Ta ni èyí?” kò tó nǹkan.

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin olùkọ́. Orúkọ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ dà bí ìlù tí a ń jó sí láìgbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Ó fẹ́ Adélé, Ọba Èkó, tí ó wàjà ní 1837. Òwò ni ó sọ ọ́ di olókìkí: ó ta tábà, iyọ̀, epo àti ohun ìjà, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá kọlu Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè tí wọ́n sì dá Akítóyè padà, ti Akítóyè ni Tinúbú ń ṣe. Dòsùnmú jọba ní 1853, ohùn Tinúbú sì múlẹ̀ láàfin. Ṣùgbọ́n kò gbà kí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti òkè òkun dé máa darí ọba. Ní 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú kí a lé e kúrò ní Èkó. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ 1861, Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Tinúbú kò káwọ́ gbera ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun Dáhòmì dé ní 1864, ó pèsè ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n sì ṣẹ́gun. Wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Ó kú ní 1887.

Ṣùgbọ́n Èkó tí a ti lé e kò gbàgbé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn wà ní Ìta Tinúbú fún ọ̀pọ̀ ọdún. A wó o. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, àwọn ará Lẹ́bánónì tí ń gbé Nàìjíríà fi ìsun omi kan ta ìlú lọ́rẹ níbẹ̀, ìjọba sì sọ ibẹ̀ ní Gbàgede Òmìnira. Orúkọ rere ni, ṣùgbọ́n ti Tinúbú ni ó ṣẹ́kù lẹ́nu ará ìlú. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 Oṣù Keje 1959, fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Olú ìlú kó lọ sí Abùjá ní 1991, báǹkì náà sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì rẹ̀ ti Èkó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ogun tí wọ́n ṣẹ́ ní 1805 pe gbàgede ńlá wọn, Trafalgar. Tiwa ń jẹ́ orúkọ obìnrin tí aṣojú wọn lé jáde. Èyí tó ohun tí a lè fi yangàn, bí a bá mọ̀ ọ́n tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ sọ ti ìgboyà rẹ̀ fún wọn. Ẹ sì sọ ti àwọn ẹrú, tí a kò gbẹ́ ère kankan fún níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá bèèrè pé, “Ṣé ènìyàn rere ni?”, ẹ má ṣe yára dáhùn. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ó ṣe, kí ọmọ náà sì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Orílẹ̀-èdè tí ó bá lè gbọ́ òtítọ́ nípa àwọn akọni rẹ̀ ni òmìnira rẹ̀ dàgbà.