Gèlèdé, Kẹ́ẹ̀gì Epo àti Ààlà Tí Òyìnbó Fà

Ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ Odùduwà tẹ̀ dé, mo kí yín láti Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́ Olóyèmẹkún. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti àdúgbò wa gan-an, nítorí pé ní ìhà Àkúrẹ́ àti Òǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún níhìn-ín, a kò jogún eré Gèlèdé. Àwọn ará Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ẹ̀gbádò àti Àwórì ni wọ́n ni ín. Ṣùgbọ́n bí Alákétu ti Kétu, Déjì ti Àkúrẹ́ àti Òṣemàwé ti Òǹdó ti ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun wọn, ohun tó bá ojú yóò bá imú.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, tí wọ́n fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Alákétu kọjá, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi àwọn tó ni ilẹ̀ léèrè. Benin tí Kétu wà lónìí ni ti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, kì í ṣe ti Ọba Ẹdó. Ààlà náà kò dá Gèlèdé dúró: ó ń jó níhìn-ín, ó ń jó lọ́hùn-ún, nígbà tí UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo aráyé, Nàìjíríà, Benin àti Togo ni wọ́n jọ ni ọlá náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo igi Gèlèdé fínnífínní. Orí ni wọ́n ń dé e sí bí fìlà. Aṣọ ni wọ́n fi ń bojú. Ara ọkùnrin tó gbé e a sì wú fún gèlè àti ìró tí ó yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin, nítorí pé àwọn ìyá wa, àwọn alágbára ayé, ni eré náà ń júbà. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀ a tutù pẹ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń fi ojú inú ṣeré: ejò tó ń bá ẹyẹ jà, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tuntun kì í wọ̀lú pẹ́ kí ó tó gun orí Gèlèdé. Abájọ tí àgbà fi ní ojú tó rí Gèlèdé ti dópin ìran.

Ojú yìí ni mo fi ń wo iṣẹ́ Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962. Epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà ni àwọn onífàyàwọ́ ń fi alùpùpù gbé kọjá ààlà, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti yá níná kí ó lè fẹ̀ gba epo sí i, tí ikú sì jọ ń gun alùpùpù kan náà pẹ̀lú wọn. Bí kẹ́ẹ̀gì náà bá gbó, Hazoumè a sọ ọ́ di ojú: ìdìmú rẹ̀ a di imú, ibi tí epo ń gbà jáde a di ẹnu. Kẹ́ẹ̀gì 304 irú èyí ni ó tò sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tó pè ní La Bouche du Roi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti to ẹrú sínú ọkọ̀ Brookes ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. British Museum rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007, nígbà tó pé igba ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Àwọn kan ń pe èyí ní ọnà ìgbàlódé tó já kúrò lára ti àtijọ́. Èmi kò gbà. Ohun tí agbẹ́gilére Kétu fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni Hazoumè fi kẹ́ẹ̀gì ṣe, epo tiwa ló sì kún inú wọn kí wọ́n tó di ojú.

Ní 2024, Benin kọ́kọ́ ní ilé ìpàtẹ tirẹ̀ ní Biennale, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ìlú Venice, ní Ítálì. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà tó dá LagosPhoto sílẹ̀ ní Èkó, ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ìpàtẹ náà. Hazoumè, Moufouli Bello, Chloé Quenum àti Ishola Akpo ni wọ́n kó iṣẹ́ wá, etí Yorùbá kò sì ní ṣàì dá Ìṣọ̀lá mọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ìlú fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí yóò sọ̀rọ̀ ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Benin ṣe é, inú mi sì dùn sí i gidigidi.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó àwọn ọmọ bọ̀ wálé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrìn náà mọ sí Èkó àti ilé ìyá àgbà ní Òǹdó. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, ẹ gba Ìmẹ̀kọ kọjá sí Kétu, ẹ fi ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà hàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń kíni ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó sọ fún wọn pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n wà.