Àìpé, Àìgbó àti Ìjẹrà Èèpo Eyín

Bí a bá rí kòtò tàbí àbàwọ́n lára eyín ọ̀dọ́, a sábà máa ń sọ pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó fún olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè, nítorí ohun mẹ́ta ni ó dà pọ̀.

Kí eyín tó yọ ni ara ti ń ṣe èèpo líle rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣe é kò sí mọ́ lẹ́yìn tí eyín bá yọ. Nítorí náà, àmì àìsàn líle tàbí àìjẹunrekánú ìgbà èwe lè wà níbẹ̀ títí ayé.

A dábàá "àìpé èèpo" fún èyí tí kò nípọn tó, tí ó ní kòtò. "Àìgbó èèpo" fún èyí tí ó nípọn ṣùgbọ́n tí kò le tó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn eyín ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú àtẹ ìpín rẹ̀ ti 1982. Kí "ìjẹrà" wà fún iṣẹ́ ásíìdì tí bakitéríà ń fi ṣúgà ṣe.

Kòtò a máa dá oúnjẹ dúró; ásíìdì a sì tètè wọ èèpo tí kò gbó. Bí a bá pe àbùkù yìí ní kòkòrò, a ó dá ọ̀dọ́ lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Bí a kò bá sì fún un lórúkọ, ọ̀dọ́ náà kò ní mọ̀ pé ewu ìjẹrà tirẹ̀ pọ̀, kí ó lè tètè rí oníṣègùn eyín.