KÍ Ẹ TÓ SANWÓ ỌMỌ AJÁ
Ìwé ìlàlóye fún ẹni tí kò sin ajá rí (Ilé ìwòsàn ẹranko, Ring Road, Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí wa kí ẹ tó ra ajá, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni pé wọ́n á ra ọmọ ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọ́n á sáré gbé e wá nínú páálí, ó ti ń bì, ó ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Parvo nìyẹn. A máa ń fa omi sí i lára, a máa ń gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta sí méje ni àrùn yìí máa ń fara pamọ́ kó tó yọjú. Nítorí náà, ajá tó ń jùrù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lónìí lè ti kó o. Nígbà tí àìsàn bá fi máa hàn, olùtajà ti lọ.

Káàdì abẹ́rẹ́

Ibí gan-an ni wàhálà wà. “Ó ti gba abẹ́rẹ́ tán” ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n mú káàdì wá, kí ẹ sì fojú ara yín wò ó. Káàdì gidi máa ń ní sítíkà kékeré tí dókítà ṣí kúrò lára ìgò abẹ́rẹ́, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ déètì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Èyí tí wọ́n kàn fi báírò kọ, bébà lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. A óò máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, ó di oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ sí káàdì ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 5 pé ó ti gba gbogbo rẹ̀, irọ́ ni.

Ẹ tún la ẹnu rẹ̀ wò. Ọmọ ajá tó pé ọ̀sẹ̀ 8, eyín àkọ́hù rẹ̀ ti pé 28. Bí wọ́n bá ní ó ti pé oṣù méjì, tí eyín ẹ̀yìn kò sì tíì yọ tán, ẹ dá a padà fún wọn. Ọmú ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ṣì máa mu.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì wa. Àwọn tó ń sọ pé àwọn á bá yín ṣe káàdì kíákíá kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Inú la ti ń gbowó, ẹ ó sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀yà wo?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Caucasian tí gbogbo ènìyàn ń wá, ajá òkè Caucasus ni, ibi òtútù; irun rẹ̀ kì rìbìtì, oòrùn Ìbàdàn sì lè pa á. Bó bá dàgbà, ó lè wọ̀n ju kílò 50 lọ. Kì í ṣe ajá àkọ́sìn. Boerboel àti Rottweiler lágbára, wọ́n fẹ́ ìkọ́ni láti kékeré àti fẹ́ǹsì gíga. Lhasa bá fúláàtì mu, ṣùgbọ́n ẹ ó máa ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́.

Fún ẹni tó ń gbé yàrá àti pálọ̀, ajá ìbílẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: irun rẹ̀ kúrú, ooru kì í dà á láàmú, etí rẹ̀ sì máa ń ṣí sí àlejò. Ó ń dùn wá bí àwọn ènìyàn ṣe ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́.

Bí ẹ bá ti rà á ná

Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ará Bódìjà àti Àgbówó lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ajá bá ti kú nílé yín rí, ẹ sọ fún wa: kòkòrò parvo ń gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi ọṣẹ kì í sì í pa á, Jik ni kí ẹ fi fọ ilẹ̀. Bí ẹ bá débí, ẹ má gbé ọmọ ajá sílẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ gbé e dání títí a ó fi pè yín.