Bí òǹkọ̀wé ṣe lè fi ohùn ara rẹ̀ ta ìwé láti Ìkìrun dé Òkukù

Ní ojú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, láti Ìkìrun dé Ìnísà títí kan Òkukù, ẹni tó mọ ìwé kọ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò bá a tà á ló ṣọ̀wọ́n. Òǹkọ̀wé tó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, tí kò sì rí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, páálí ìwé náà lè wà lábẹ́ ibùsùn títí ikán yóò fi dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́ ń bẹ nílé, tó ń fi rédíò kẹ́gbẹ́; awakọ̀ àti aránṣọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, etí wọn ṣófo. Àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà ìwé àfetígbọ́, ìyẹn ìwé tí a kà sínú ẹ̀rọ kí ẹlòmíràn lè máa gbọ́ ọ.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ̀rọ̀ ẹnu. Olóògbé Láńrewájú Adépọ̀jù, tó kú ní oṣù Kejìlá 2023, kò dúró de ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni: ó dá Lanrad Records tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń gbé ewì jáde, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà, ń rà á. Fóònù ló gba ipò rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì lónìí.

Kí òǹkọ̀wé tó la ẹnu, ìwé àdéhùn ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ló bá a gbé ìwé jáde, ó lè ti fọwọ́ sí i pé àwọn ló ni ẹ̀tọ́ ohùn náà. Bó bá sì pe òṣèré láti bá a kà á, kí àdéhùn wọn wà lákọsílẹ̀, nítorí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Kíkà náà kò fẹ́ ilé olówó ńlá. Yàrá kékeré tí aṣọ kún, ní òru tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, pẹ̀lú maikirofóònù tó dára, ti tó. Kí orí kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Kí a má sì sáré kà á: ohùn tó bá ṣì lọ díẹ̀, ọkọ́ ti di ọkọ̀. Wákàtí márùn-ún tí a fi 192 kbps pamọ́ yóò tó bíi 430 MB. Bó bá jẹ́ 64, kò ní ju bíi 145 lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì ṣì já gaara. Oníbàárà tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa.

Ibi títà ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. ACX, ọ̀nà tí òǹkọ̀wé aládàáni ń gbà dé orí Audible, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2011. Kì í ṣe ará Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é fún. Selar, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, sún mọ́lé jù: òǹkọ̀wé a gbé fáìlì síbẹ̀, olùrà a san náírà, wọn a yọ owó iṣẹ́ wọn, ìyókù a wọ báǹkì. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ènìyàn kó gbogbo ẹrù sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Okadabooks, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ṣe ọjà, ti ilẹ̀kùn ní ìparí 2023. Kí fáìlì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ní ibi méjì, kí nọ́ńbà àwọn oníbàárà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní agbègbè yìí, WhatsApp ló yá jù. Orí kìíní a lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oní-POS a gba ìyókù. Ní ti fóònù kékeré tí kì í wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́mórì káàdì ni ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó orin sínú káàdì fún ènìyàn lẹ́bàá ọjà, olè ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fún wọn ní ìpín lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ti sọ wọ́n di alágbàtà. Kò sí ohun tó lè dá àdàkọ dúró pátápátá. Kí òǹkọ̀wé sọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tí a lè sanwó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá lè mọ ibi tí ìwé kejì wà.