Bí Kọ̀ǹpútà Bá Yàwòrán Ilé, Ṣé Ilé Náà Á Ṣeé Gbé?

Obìnrin Ògòtún Èkìtì tó ń hun ẹní ọlọ́nà kì í fojú bù ú. Kíkà ló ń kà á: iye fọ́nrán tó máa gbé, iye tó máa fò, ibi tí fọ́nrán aláró máa gbà kọjá. Bó bá ṣì í kà, ọnà á dàrú. Bí algorithm, ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, kọ̀ǹpútà ló wá ń kà á dípò èèyàn.

Àwọn ayàwòrán-ilé ti ń lò ó gan-an. Ní Yunifásítì Stuttgart ní Jámánì, láàárín 2014 sí 2015, wọ́n wo bí aláǹtakùn inú omi ṣe ń kọ́lé, wọ́n wá jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì máa lẹ okùn carbon mọ́ inú ọ̀rá ńlá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Nígbà tí okùn náà gan, ó dá dúró láìsí atẹ́gùn. Iṣẹ́ àrà ni.

Ní agbègbè Salima ní Màláwì, lọ́dún 2021, ẹ̀rọ tó ń tu kọnkéré jáde ní ìpele-ìpele mọ ògiri ilé ìwé kan láàárín wákàtí 18. Ògiri nìkan ni o! Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló kan òrùlé, òun náà ló de ilẹ̀kùn àti fèrèsé. N kò rí ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ wá ṣe ní Ògòtún báyìí. Bíríkìlà wà nílẹ̀ tó ń wáṣẹ́. Owó sìmẹ́ǹtì àti irin ló ń dá ilé kíkọ́ dúró, róbọ́ọ̀tì kò sì lè sọ ọ́ di ọ̀pọ̀.

Ti algorithm yàtọ̀, torí ooru. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè gbé ilé wò lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ ọ sí: ibi tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn máa kọlù, ibi tí òjò oníjì máa gbà wọlé, bí atẹ́gùn ṣe máa rìn bí a bá sún fèrèsé. Ó lè dán ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀nà wò kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Fún ẹni tó ń sun lábẹ́ páànù, ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní kó wá nìkan ló ń wá. Ẹ ní kó kó yàrá tó pọ̀ jù lọ sórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, àgbàlá ló máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Àwọn tó kọ́ ààfin Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba ìlú náà, ní nǹkan bí 1910 sí 1914, mọ ìwúlò àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀: ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà, ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti lè tẹ́ ẹní rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé lè wọn ooru inú ilé amọ̀ àti ti ilé búlọ́ọ̀kù ní Èkìtì, lọ́sàn-án àti lóru, kí wọ́n kó o fún kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì pa á láṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgbàlá.